Ẹni Tó Dáhùn sí Ìyá Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Àbúrò mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìtọ́jú ilé. Ìkíni ló ń ṣáájú ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, n kò sì ní torí pé inú ń bí mi fo ìlànà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, lákòókò ìsinmi oúnjẹ, mo pe Jẹ́jẹ́ ọmọ mi lórí fóònù. O mọ̀ pé nínú yàrá ìfọṣọ ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí fóònù kì í ti í gbọ́ràn àfi lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo fi ọwọ́ di etí kejì. Mo ní, “Ṣé dáadáa lo wà?” Ó ní, “A dúpẹ́, Mọ́mì.” Bí mo ṣe fẹ́ béèrè nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó kígbe pé, “Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ máa bọ̀ o! Abẹ́rẹ́ ti wà ńlẹ̀.”

Mo ti la ẹnu láti dáhùn. Èmi ni wọ́n pè, àbí ta ni? Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ, ìwọ àbúrò mi, tí o ní, “Mò ń bọ̀!” Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni fóònù já.

Ọdún kẹfà rèé tí mo fi ọmọ sílẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Ọmọ ni mo fi sílẹ̀. N kò fi orúkọ mi sílẹ̀.

Nítorí náà, fi ìwé dá mi lóhùn, má fi fóònù ṣe é, nítorí ọ̀rọ̀ fóònù kò ní ẹlẹ́rìí. Ta ni obìnrin náà? Abẹ́rẹ́ wo ló ń sọ? Kí ló ń ṣe ọmọ tí mò ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń sọ fún mi pé òun dúpẹ́? Àti pé láti ìgbà wo lo ti ń jẹ́ Ìyá Jẹ́jẹ́?

Èmi tí mo bí i,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Ìwé ìdánwò là ń dì nílé ìtẹ̀wé nígbà tí lẹ́tà yín dé, gọ́ọ̀mù sì wà ní gbogbo ọwọ́ mi. Bí ẹ bá rí ojú ìka lára bébà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rúlà olùkọ́ yín nà mí. Mo ti kúrò ní kíláàsì yín tipẹ́.

Ẹ wá ibì kan jókòó kí ẹ tó kà á síwájú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, Jẹ́jẹ́ ṣubú lé bọ́ọ̀dù ìyàwòrán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ebi ni. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà àwọn obìnrin sì ṣàlàyé fún wa pé ohun kan tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ, níbi tí kò yẹ kó wà. Bí oṣù bá dé, ìyẹn náà á wú, á sì ṣẹ̀jẹ̀, kò sì ní ọ̀nà àbáyọ. Ẹndomẹtiriósíìsì lorúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi máa ń dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin lóṣooṣù, tí á ká kò bí ewé tí iná jó. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ní oṣù Keje.

Oògùn náà ń gé ìrora náà kù, kò mú un kúrò pátápátá. Dókítà wá ní àwọn obìnrin kan máa ń rí ìtura lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ibì kan ibì kan lára. Ó ní, “Kì í wo àrùn náà o, ẹ má sì torí rẹ̀ sọ oògùn nù. Ìrora ló lè dín kù. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.” Òun náà ló júwe Alábẹ́rẹ́ fún wa. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìgò ojú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju irun orí lọ. Inú ọ̀rá tuntun ló ti ń yọ wọ́n, bó bá sì lò wọ́n tán, ó di inú agolo ìdalẹ̀nù. Yóò fi díẹ̀ sí ojúgun, díẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, díẹ̀ sí ikùn, Jẹ́jẹ́ á sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Àga kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alábẹ́rẹ́ bi í pé, “Ṣé ó ń dùn ẹ́?”

Jẹ́jẹ́ ní, “A dúpẹ́, mà.”

Obìnrin náà dúró. Ó ní, “Mi ò kí ẹ o, ìbéèrè ni mo bi ẹ́.”

“A dúpẹ́ náà ni, mà.”

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Ẹ fi ẹnu ẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá ti ká kò, irọ́ ló ń pa yẹn.” Láti ọjọ́ náà, ìka ẹsẹ̀ ni Alábẹ́rẹ́ ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti orúkọ: ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Kí n tó ní àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí, Jẹ́jẹ́ ti ní, “Màmá mi ni.” Mi ò lè máa bá ẹni tí inú ń run jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo dáhùn nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ọmọ náà ló bẹ̀ mí kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ máa ń sọ pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í pariwo ara rẹ̀. Ẹ foríjì mí, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ọjọ́ kejì ló dìde, ó wẹ̀, ó sì lọ sí kíláàsì. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Mo kàn ní kí ẹ bá wa yọ̀ ni.

Èmi àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Àbúrò mi,

Mo kí ọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ ní àkàtúnkà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ní ti ìyókù, n kò rí ohun tí mo fẹ́ bá ọ yọ̀ sí.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ká aṣọ ibùsùn: òun á di etí aṣọ méjì mú, èmi á di méjì mú, a ó sì máa rìn pàdé ara wa láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní, “Ṣebí ara ọmọ ti ń fúyẹ́? Kí ló wá kù tí ò ń bínú sí?” Mo fa aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n. Owú ni.”

N kò jowú. Ẹni tí kò ní ni í jowú. Èmi ní ọmọ.

O kọ̀wé pé o mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gé èékánná ẹsẹ̀ yẹn fún ọdún mẹ́tàlá. O kọ̀wé pé àga kan ṣoṣo ló wà, pé ìwọ lò ń jókòó síbẹ̀. Àbúrò mi, èmi ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ kí ọmọ náà lè jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwọ sì rí àga! Àlejò kan bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó sì rí òtítọ́. Èmi tí mò ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìkíni ni mò ń gbà. Ta ló kọ́ ọmọ láti máa fi òtítọ́ pamọ́ fún ìyá rẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ jogún ipò ìyá náà?

Mo ti pinnu. Kí ìtọ́jú abẹ́rẹ́ náà dúró títí n ó fi fúnra mi bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n fún Jẹ́jẹ́ ní yàrá ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ kí oṣù tó parí.

Bí orúkọ Ìyá bá sì wù ọ́ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá lo lò nílé ọkọ. Kí ló dé tí o kò bí tìrẹ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, n kò rí èsì. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o kò gbé e. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀wé pé Jẹ́jẹ́ kò wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ìwà àìmọ̀wàáhù gbáà ni kí àbúrò gba lẹ́tà ẹ̀gbọ́n kó má fèsì. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ bú mi, to èébú náà lẹ́sẹẹsẹ kí n lè kà á. Dídákẹ́ kì í ṣe ìwà wa.

Mo pe ọmọ náà lánàá. Ó ní, “A dúpẹ́, Mọ́mì.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo fẹ́ bi í pé báwo ni ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ojú tì mí, mo béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè bóyá dáadáa ni mo wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn: rárá, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Mo ti ka lẹ́tà tí ẹ kọ sí Àǹtí. Abẹ́ ìkòkò gọ́ọ̀mù ló fi í sí níbi iṣẹ́. Mo lọ gbé oúnjẹ fún un, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, mo sì kà á. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í ka lẹ́tà ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo mọ̀. Àǹtí kò sọ̀rọ̀ yín láburú. Ó ń di ìwé, ó ń se oúnjẹ, ó ń bi mí bóyá mo lo oògùn. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo rò pé kò ní bá mi lọ. Mo rí i tó wọ bàtà. Ó ní, “Kí lò ń wò? Ṣé abẹ́rẹ́ á rìn wá bá ẹ nílé ni?”

Lọ́jọ́ náà, Alábẹ́rẹ́ ń kọ nǹkan sínú fáìlì mi. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti ní irú ìrora yìí rí nínú ẹbí wa. Mo ní mi ò mọ̀.

Àǹtí ní, “Èmi.”

Alábẹ́rẹ́ gbójú sókè. “Ẹ̀yin? Láti ìgbà wo?”

“Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.”

“Kí ni wọ́n wá ṣe sí i?”

Àǹtí ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn. Ó ní kí n nàró, kí n ki ṣẹ́ẹ̀tì mi bọ yẹ̀rì, kí n má dójú ti ilé wa. Mo sì nàró.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo nàró títí mo fi dé ilé ọkọ.”

Alábẹ́rẹ́ rọra sọ fún un pé kó lọ rí dókítà, nítorí ohun kan náà lè wà lára rẹ̀, àrùn náà sì máa ń ṣe ìdíwọ́ fún oyún nígbà míì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè fi dáni lójú báyìí pé òun ló fà á. Ìgbà yẹn ni Àǹtí kọjú sí ògiri. Mọ́mì, ara mi ni abẹ́rẹ́ wà, òun ló ń sunkún. Mi ò lè dìde gbá a mú. Mọ́kànlá ló wà lára mi lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ni mo nà títí ìka mi fi kan apá rẹ̀. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àkókò fi pé.

Mi ò ní lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mi ò sì ní lọ.

Mi ò tíì dá abẹ́rẹ́ náà dúró pẹ̀lú. Kì í ṣe idán. Oṣù tó kọjá, mo bì, mo sì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Lóṣù yìí, mo jókòó ṣe ìdánwò wákàtí mẹ́ta, mo sì ya ilé alájà méjì parí. Mo gba èyí tó bá wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ni iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè dúró tì mí kí n tó wọlé àti nígbà tí mo bá jí. Orúkọ Àǹtí ni mo kọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ jù yín lọ. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, n ó máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá kí inú yín lè dùn. Àtikékeré ni mo ti ń ṣe é. Ó ti rẹ̀ mí, Mọ́mì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ìgbà kẹrin nìyí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ya mẹ́ta, nítorí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo ti ń gbèjà ara mi.

Jẹ́jẹ́ kọ̀wé sí mi. Mo kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ wá wò mí, ó rí ojú mi, ó sì lọ ń dá aṣọ náà ká fúnra rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Alábẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn kíláàsì ni o wà, o tẹ orí ba orí tábìlì, ojú rẹ ti funfun bí ẹfun. Mo fa kọ́là rẹ, mo ní, “Nàró.” O nàró. Nígbà tí mo délé, mo fi ròyìn fún àwọn òbí wa, wọ́n sì yìn mí. Ohun tí mo fi yangàn nìyẹn. Nígbà tí mo sì bí ọmọ tèmi, tó ṣubú tí kò sunkún, èmi ni mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, tí mò ń fi han àwọn àlejò bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Mo ti fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o kọ́ ọ láti máa fi òtítọ́ pamọ́ fún mi. Kì í ṣe ìwọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ilé ọkọ rẹ: ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹyin lọ̀rọ̀. Ọwọ́ èmi olùkọ́ ló ti wá bọ́. N kò ní kó èèpo rẹ̀ fún ọ kí n pè é ní àforíjì. Ọ̀rọ̀ ìkà ni, mo sì mọ ibi tí mò ń jù ú sí nígbà tí mo kọ ọ́.

Owú ni. Mo jowú ohùn tó fi pe ọ́ ní màmá. Mo jowú Alábẹ́rẹ́ tí n kò rí rí. Mo jowú apá rẹ tí ẹsẹ̀ ọmọ mi kàn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, owú náà kò tíì lọ, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí sọ pé níwájú mi ló ti ń rẹ òun. Owú mi gbọ́dọ̀ lọ jókòó síbì kan kó dákẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Ẹ máa bá ìtọ́jú abẹ́rẹ́ lọ. Kí ìwọ náà lọ rí dókítà. Àṣẹ ẹ̀gbọ́n nìyẹn, òun sì ni àṣẹ ìkẹyìn tó kù mí kù.

Ọ̀gá mi fún mi ní ọjọ́ méjìlá. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ni n ó dé. Kí orúkọ rẹ wà níbi tí ọmọ kọ ọ́ sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni n ó dúró sí. Bí o bá rí i pé mo ti ń ṣe ọ̀gá lé àwọn nọ́ọ̀sì lórí, rán mi lọ ra omi.

Ṣùgbọ́n kí n tó fojú kan ọmọ, ilé ìtẹ̀wé ni n ó kọ́kọ́ yà. N ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ẹlòmíràn wí lórí rẹ̀. Má sáré wá gbé mi, má sì pariwo pé èèwọ̀ ni. Jẹ́ kí àwọn tó ń gé bébà rí i. Wá àyè sílẹ̀ fún mi láàárín àwọn ìdì ìwé yẹn. Bí mo bá sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán, orúnkún mi kì í tètè gbọ́ mọ́: ìwọ ni kí o fà mí dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.